Àìrìnpọ̀ Ejò: Ta Ni Ó Ń San Owó Kóòdù Báńkì?

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Garki, ní olú-ìlú wa Abuja, yóò mọ bí ìparí oṣù ti máa ń rí. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jáde láti inú ọ́fíìsì wọn ní Area 10 àti Area 11, tí àwọn aránṣọ, àwọn oníṣòwò àti àwọn awakọ̀ ń ka owó ojúmọ́ wọn, ohun kan náà ni ó máa ń wà lọ́kàn púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà láàárín wọn: owó tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé. Owó oúnjẹ ìyá wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀, èsúsú ẹgbẹ́ náà kò sì gbẹ́yìn. Bákan náà ni ó rí fún àwọn ará wa ní Kano, ní Kaduna, ní Jos, ní Minna àti ní Port Harcourt.

Ní ayé àtijọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a máa ń gbà fi irú owó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kí a fà á lé awakọ̀ tí ó mọ ojúlé lọ́wọ́. Títí di òní yìí, Garki níhìn-ín ni olú ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ wa, NIPOST, wà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibẹ̀ nítorí owó mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ń tẹ kóòdù sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní USSD: wọn á tẹ ìràwọ̀, wọn á tẹ nọ́ḿbà, owó á sì kúrò ní Abuja bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì béèrè fóònù olówó ńlá. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà lábúlé lè ṣe é. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, kóòdù ni báńkì.

Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ohun kan ti yí padà nínú ètò yìí. Owó iṣẹ́ kóòdù, tí báńkì máa ń yọ láti inú àkáǹtì oníbàárà tẹ́lẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú owó ìpè tí a rà sórí fóònù, ìyẹn èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní káàdì. Iye náà ni náírà 6 àti kọ́bọ̀ 98 fún ìṣẹ́jú àáyá 120. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa rò pé ọ̀nà mìíràn lásán ni wọ́n tún gbà láti fi gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyípadà yìí ni òpin ìjà ọlọ́dún púpọ̀ láàárín àwọn báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, gbòǹgbò ìjà náà kò sì ju pé ìwé ìṣirò àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ ọ́ pé àìrìnpọ̀ ejò ní ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́, nítorí pé àwa ni ọmọ ejò.

OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN KÓÒDÙ

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo aránṣọ kan ní Garki tí ó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ kóòdù, òpó másìtì tí ó súnmọ́ ọn ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àgbà ilé-iṣẹ́ fóònù, èyí tí yóò wo inú àkọsílẹ̀ láti mọ̀ bóyá láìnì náà jẹ́ ti oníbàárà wọn, bóyá a kò tì í pa, àti irú iṣẹ́ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń ṣírò owó yóò wò ó bóyá owó ìpè tí ó wà níbẹ̀ tó. Bí ó bá tó, ilẹ̀kùn kan tí a yà sọ́tọ̀ fún kóòdù yóò ṣí, ọ̀rọ̀ yóò sì kọjá sí kọ̀ǹpútà báńkì.

Ọ̀dọ̀ báńkì ni a ti ń béèrè nọ́ḿbà àṣírí, ibẹ̀ ni a sì ti ń wò ó bóyá owó wà nínú àkáǹtì. Bí ó bá jẹ́ pé báńkì mìíràn ni ti ìyá, báńkì ọmọ yóò gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa so àwọn báńkì ilẹ̀ yìí pọ̀. Báńkì ìyá yóò gba owó náà, yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, èyí tí yóò tún gba orí ilé-iṣẹ́ fóònù tirẹ̀ kọjá, tí ẹnì kan yóò sì tún san owó rẹ̀.

Ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kan yìí: ilé-iṣẹ́ fóònù méjì, báńkì méjì, àti ẹni tí ó so àwọn báńkì pọ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìwé ìṣirò tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù ni ó sì ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí òun ti rí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Kò sí èyí tí ó lè dá iṣẹ́ náà ṣe nínú wọn. Bí ìwé wọn bá bára mu, a kì yóò mọ̀ pé wọ́n wà rárá. Ọjọ́ tí wọn kò bá bára mu ni a óò gbọ́ pé, “owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.”

ỌLỌ́KỌ̀ ÀTI ALÁJÀ

Kí ni ó dé tí ìwé méjì lè máa sọ ohun méjì lórí iṣẹ́ kan náà? Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń kà yàtọ̀ síra. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń ka iye ìgbà tí ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó. Báńkì ní tirẹ̀ ń ka iye ìgbà tí owó rìn. Bí aránṣọ wa bá tẹ kóòdù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lójijì, tí ó tún un tẹ̀, tí báńkì sọ pé nọ́ḿbà àṣírí kò tọ̀nà, tí ó wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta kí owó tó lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀nà ṣí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ fóònù. Nínú ìwé báńkì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ọlọ́kọ̀ àti alájà. Ọlọ́kọ̀ ń ka iye ìrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ rìn, nítorí pé gbogbo ìrìn ni ó ń jẹ epo, ìbáà ṣe pé ẹrù dé tàbí kò dé. Alájà ń ka iye àpò tí ó bọ́ sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi san owó ọkọ̀ tí ó dákú sójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá jọ ní ìwé kan tí àwọn méjèèjì gbà pé òótọ́ ni, kò sí ọjọ́ tí ìṣirò wọn yóò dọ́gba, gbèsè tí ọ̀kan ń pè ní gbèsè ni èkejì yóò sì máa pè ní irọ́.

BÍ GBÈSÈ NÁÀ TI PỌ̀ TÓ

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ MTN fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé náírà 4 fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ni wọn yóò máa san láti inú owó ìpè bí wọ́n bá fi kóòdù kàn sí báńkì wọn, wọ́n sì ní àwọn báńkì ni wọ́n béèrè fún un. Ariwo ta káàkiri ilẹ̀ yìí. Mínísítà tí ó ń ṣe àkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Ọ̀mọ̀wé Isa Ali Pantami, pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n dá a dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ, ìwé owó ń jáde, gbèsè sì ń ga.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kéde pé gbèsè tí àwọn báńkì jẹ wọ́n ti di bílíọ̀nù 42 náírà, wọ́n sì ní àwọn yóò ti ilẹ̀kùn kóòdù mọ́ wọn láti ọjọ́ 15 oṣù náà. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, àti NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀, wá dá sí i. Wọ́n fi ẹnu kò sí náírà 6 àti kọ́bọ̀ 98 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹta náà. Báńkì ni yóò gba owó yìí lọ́wọ́ oníbàárà, tí yóò sì san án fún ilé-iṣẹ́ fóònù.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó wà nínú ètò yìí. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kọ́ ni ó ń gba owó. Ẹni tí ó sì ń gba owó ní ìwé tirẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé gbèsè kò dínkù. Kí ó tó di òpin ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń sọ pé ó ti kọjá bílíọ̀nù 200 náírà. Láàárín gbogbo àkókò yìí, aránṣọ tí ó wà ní Garki ti san tirẹ̀ pé: ní gbogbo ìgbà tí báńkì bá yọ owó kóòdù nínú àkáǹtì rẹ̀, ó ti kúrò lọ́rùn tirẹ̀. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́.

NÁÍRÀ TÍ Ó DI KỌ́BỌ̀ 60

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2024, CBN àti NCC jọ fi ọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò dáadáa. Ìwé náà pín gbèsè sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni àwọn ìwé owó tí ó ti wà kí wọ́n tó so kọ̀ǹpútà báńkì àti ti ilé-iṣẹ́ fóònù pọ̀ nípasẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní API, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lè máa bá èkejì sọ̀rọ̀ láìsí ènìyàn láàárín. Ọ̀nà kejì ni àwọn ìwé owó tí ó jáde lẹ́yìn tí wọ́n so wọ́n pọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022.

Fún ti ìṣáájú, àṣẹ náà ní kí àwọn báńkì san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Fún ti ẹ̀yìn, kí wọ́n san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2024 tó parí. Àwọn ìwé owó tí yóò tún máa jáde lẹ́yìn náà, ìdá 85 wọn ni kí wọ́n máa san láàárín oṣù kan.

Nínú àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Níbi tí ẹ̀rọ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, náírà kan di kọ́bọ̀ 60. Níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, náírà kan náà di kọ́bọ̀ 85. Ìyàtọ̀ kọ́bọ̀ 25 tí ó wà láàárín wọn ni a lè pè ní owó ìrìnpọ̀. Kọ́bọ̀ 15 tí ó sì ṣẹ́kù ń fi hàn pé àní lẹ́yìn tí a so wọ́n pọ̀, a kò tí ì lè sọ pé gbogbo ohun tí ọ̀kan kọ sílẹ̀ ni èkejì gbà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó jẹ́ olódodo àti ẹni tí ó jẹ́ oníjìbìtì kò tó èyí láti ṣàlàyé gbèsè náà. Bí a bá kó ẹni mímọ́ méjì jọ, tí a fún olúkúlùkù ní ìwé tirẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ti ara wọn, wọn yóò jà.

Àwọn báńkì kan san, àwọn kan kò tètè san. Ní àárín oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC kéde pé báńkì 9 nínú 18 kò tí ì mú àṣẹ náà ṣẹ, wọ́n sì ní a ó gba kóòdù wọn bí ó bá fi máa di ọjọ́ 27 oṣù náà tí wọn kò ṣe ohun tí ó yẹ. Láti ibẹ̀ ni a ti dé oṣù Kẹfà, nígbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ fóònù fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ kóòdù.

KÌ Í ṢE KÓÒDÙ NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láàárín báńkì àti fóònù nìkan ni àìsàn yìí wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pàápàá ń jẹ ara wọn ní gbèsè. Bí ẹni tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá pe ẹni tí ó wà lórí òmíràn, ilé-iṣẹ́ ẹni tí ó pè gbọ́dọ̀ san owó àsopọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ẹni tí a pè. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni NCC ti fi iye rẹ̀ sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 90 fún ìṣẹ́jú kan láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2024, àjọ náà kéde pé òun ti fún MTN láṣẹ láti já Globacom kúrò ní apá kan nítorí gbèsè owó àsopọ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, oníbàárà Glo kì bá tí lè pe ẹni tí ó wà lórí MTN mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni ti MTN lè pe òun. Kí ọjọ́ tó pé ni wọ́n ti jókòó, tí wọ́n sì fi ẹnu kò láti yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á rántí pé nítorí ìwé ìṣirò, ó kù díẹ̀ kí ọmọ má lè pe ìyá.

Ìwé kẹta tún wà tí wọ́n so mọ́ fóònù wa: nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí á so ó pọ̀ mọ́ síìmù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn tí kò so tiwọn lọ́wọ́ láti pe ènìyàn. Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn jí láàárọ̀, wọ́n bá a pé láìnì wọn ti kú, èrò sì wọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí NCC fi pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí wọn padà fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n fi ṣe ìparí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ní ọ̀nà kan tí a kì í sábà rò. Ilé ni a ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà orúkọ wa a máa gùn, a sì máa pọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ Ọláyínká ní báńkì lè jẹ́ Yínká lórí síìmù, kí ó sì jẹ́ orúkọ ìsàmì rẹ̀ lórí NIN. Ènìyàn kan náà ni lójú wa, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́ta ni. Nígbà tí a bá sì ti láìnì pa nítorí irú èyí, ìpè nìkan kọ́ ni ó dúró: àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kì í wọlé mọ́, kóòdù kì í ṣiṣẹ́ mọ́, owó ilé sì di ohun tí a ń wá ọ̀nà fún.

Bí ẹnì kan bá sì rò pé tálákà nìkan ni àìrìnpọ̀ ń pa lára, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2022. Ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí báńkì orí fóònù ti MTN, tí a ń pè ní MoMo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àṣìṣe ẹ̀rọ mú kí ó kó owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà sínú àkáǹtì àwọn ènìyàn ní báńkì 18. Ó di dandan kí wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ láti wá owó náà padà. Ẹni tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní agbẹjọ́rò. Kí ni aránṣọ ní?

ÀǸFÀÀNÍ ÀTI EWU ÈTÒ TUNTUN

Ó tọ́ kí á sọ ohun tí ó dára nínú ètò tuntun náà kí á tó sọ èyí tí ó kù. Ó ti fi òpin sí gbèsè tí ó ń ga, nítorí pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni ó ń gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí ìhàlẹ̀ pé a ó ti kóòdù pa dínkù. Wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ fóònù máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ní ìbẹ̀rẹ̀ bóyá ó gbà kí wọ́n yọ owó náà, kí wọ́n má sì yọ ọ́ láìjẹ́ pé ó gbà, tí báńkì rẹ̀ sì ṣe tán láti dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ewu méjì wà níbẹ̀. Èkíní, owó ìpè ti di kọ́kọ́rọ́ ilé owó. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní báńkì ṣùgbọ́n tí kò ní náírà méje lórí fóònù lè má lè dé ìdí owó rẹ̀ nípasẹ̀ kóòdù. Àwọn tí wọ́n sì ń gbé níbi tí kò sí ẹ̀ka báńkì ni èyí yóò dùn jù. Èkejì, ìwé tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ báńkì. Tẹ́lẹ̀, a lè gba ìwé àkáǹtì kí á sì rí gbogbo owó kóòdù tí a yọ. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo bí owó ìpè wa ti ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó bá tẹ kóòdù nígbà ogún lóṣù ti san náírà 139 àti kọ́bọ̀ 60. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já, tí ó tún un tẹ̀, tàbí tí ó pẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 120, ó lè san ìlọ́po méjì láì mọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 tí NCC ti fi ọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, owó ìpè fúnra rẹ̀ kò ṣe é fi ṣòfò mọ́.

Nítorí náà, ìjà tí ó wà láàárín báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù kò tí ì parí tán. A kàn gbé e wá sí àárín ilé-iṣẹ́ fóònù àti oníbàárà ni. Àwọn ńlá méjì jọ lágbára; bí wọ́n bá ní àríyànjiyàn lórí ìṣirò, ìjọba yóò jókòó sí i, wọn yóò sì pín in sí kọ́bọ̀ 60 àti kọ́bọ̀ 85. Ta ni yóò jókòó sí àríyànjiyàn náírà méje tí aránṣọ ní?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ó dá wa lójú pé ọ̀nà àtúnṣe wà, nítorí pé ilẹ̀ yìí ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìṣẹ́jú odindi ni wọ́n ń kà, náírà 50 sì ni ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yóò san ti ọgọ́ta. Wọ́n sọ fún wa nígbà náà pé ẹ̀rọ kò tí ì lè kà á ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Globacom dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù kò sì pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀lé e. Ohun tí a pè ní àìṣeéṣe di ṣíṣe nígbà tí ẹnì kan ti ṣe é.

Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí lónìí. Ó yẹ kí NCC àti CBN pàṣẹ pé kí gbogbo kóòdù tí a bá tẹ̀ ní nọ́ḿbà ẹ̀rí kan ṣoṣo, tí yóò wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ fóònù, nínú ìwé báńkì, àti nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà ń gbà. Bí owó bá sọnù sójú ọ̀nà, nọ́ḿbà kan yìí ni a ó fi béèrè, kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ pé, “lọ bá ẹnì kejì, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.” Ó sì yẹ kí kóòdù tí kò yọrí sí iṣẹ́ kankan nítorí àbùkù báńkì tàbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú owó rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè yọ owó láàárín àáyá kan lè dá a padà láàárín àáyá kan.

Ní ti àwa náà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Kí á máa tẹ *310# láti mọ iye tí ó kù lórí fóònù kí á tó bẹ̀rẹ̀ kóòdù àti lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni NCC ti sọ ọ́ di kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí á kọ nọ́ḿbà àkáǹtì sílẹ̀ níwájú wa kí á tó tẹ kóòdù, kí àkókò má bàa kọjá. Kí á má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ owó rẹ́ títí a ó fi mọ̀ pé ó dé. Kí á rí i dájú pé orúkọ wa bára mu ní báńkì, lórí síìmù àti lórí NIN, kí á sì bá àwọn òbí wa nílé ṣe tiwọn nígbà tí a bá lọ ọdún. Bí ilé-iṣẹ́ fóònù kò bá dá wa lóhùn lẹ́yìn tí a ti fi ẹjọ́ sùn wọ́n, kí á pe 622, ìyẹn nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ ti àjọ NCC. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn òbí wa tí ó kọ́kọ́ wá sí òkè ọya kò ní kóòdù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ awakọ̀ tí wọ́n fi owó rán, wọ́n sì mọ ilé rẹ̀. Bí owó kò bá dé, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bi. Àwọn ẹ̀rọ òde òní yá ju awakọ̀ lọ, wọ́n sì dé ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ohun kan ṣoṣo tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni pé kí wọ́n dá ohun tí awakọ̀ ní padà fún wa: kí ẹni kan wà tí a lè bi, kí ẹni náà sì ní ìdáhùn lẹ́nu. Bí àwọn ejò ńlá bá kọ́ láti máa rìn pọ̀, ọmọ ejò yóò sinmi.